Egungun Inú Sẹ́ẹ̀lì Pupa: Apá Kan Ìtàn Fọ̀níkú-Fọ̀ladìde Tí Wọn Kì Í Sábà Sọ

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di ara ènìyàn ló ní egungun tirẹ̀. Egungun yìí kò le bí ti apá tàbí ti ẹsẹ̀: okùn purotéènì tín-ín-rín ni, tó ń gùn, tó ń kúrú, tó ń tú ká, tó sì tún ń so pọ̀ níbòmíràn bí iṣẹ́ bá ṣe rí. Okùn actin ló tín-ín-rín jù, abẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì ló sì pọ̀ sí. Ọ̀pá oníhò tí purotéènì tubulin kọ́ ló tóbi jù, òun ló ń la inú sẹ́ẹ̀lì já. Ẹ̀yà kẹta wà láàárín méjèèjì, tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè fara da fífà àti títẹ̀.

Orí àwọn okùn àti ọ̀pá wọ̀nyí ni àwọn purotéènì kan ń rìn, tí wọ́n ń ṣe bí alábàárù: wọ́n ń gbé ẹrù láti ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ṣe é lọ síbi tó ti nílò rẹ̀, agbára ATP ni wọ́n sì ń ná. Kinesin, tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí ní 1985, sábà ń gbé ẹrù lọ sí etí sẹ́ẹ̀lì. Dynein ń gbé e bọ̀ wá sí àárín. Myosin ń rìn lórí actin, òun náà ló sì ń mú kí iṣan ara sún kì. Bí ọ̀kan nínú wọn, tàbí apá kan egungun náà, bá lábùkù, àìsàn dé. Dynein tó bàjẹ́ kì í jẹ́ kí irun wínníwínní inú ọ̀nà èémí gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ẹni tó bá ní i yóò máa wúkọ́ láti kékeré. Àìsí dystrophin, tó so actin inú iṣan mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, ló ń fa àrùn Duchenne tó ń gba ìrìn lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin. Albendazole, oògùn aràn tí wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ iléèwé ní Nàìjíríà, tubulin inú aràn ló ń dè mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Benin City, àti káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àrùn tó fi agbára egungun sẹ́ẹ̀lì hàn jù lọ ni èyí tí wọn kì í sábà kà mọ́ irú wọn: fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Láti 1949, nígbà tí Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hemoglobin àwọn aláìsàn yìí, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, yàtọ̀, hemoglobin ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ nípa àrùn náà dá lé. Ibẹ̀ ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, ara egungun sẹ́ẹ̀lì ni púpọ̀ nínú ìpalára rẹ̀ ń dúró sí, ìwádìí tó bá sì fojú fo egungun náà yóò máa mú èsì àbọ̀ wá.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti dàgbà kò ní núkíléọ̀sì (nucleus) mọ́, kò ní ọ̀pá tubulin, kò sì ní ọ̀nà tí kinesin lè tọ̀. Ohun tó kù fún un ni àwọ̀n kan lábẹ́ awọ rẹ̀. Spectrin ni okùn àwọ̀n náà. Actin kúkúrú ló wà ní oríkèé rẹ̀, tí okùn spectrin bíi mẹ́fà ń pàdé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ankyrin àti purotéènì 4.1 ló sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ awọ. Àwọ̀n yìí ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó máíkírómítà 8 lè há ara rẹ̀ gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tí kò ju 3 lọ, kó sì tún padà sí ìrísí rẹ̀ bó bá ti jáde. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ló fi ń ṣe èyí kí ó tó kú. Iṣẹ́ ńlá ni fún ohun tí kò lè tún ara rẹ̀ kọ́.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní SS, ìyẹn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ásíìdì amínò kan ṣoṣo ló yí padà ní ipò kẹfà ẹ̀wọ̀n beta hemoglobin. Bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára rẹ̀, hemoglobin náà á so mọ́ra di ọ̀pá líle, á ti awọ sẹ́ẹ̀lì síta, sẹ́ẹ̀lì á sì tẹ̀ bíi dòjé. Bí ọ́síjìn bá padà, ọ̀pá náà á tú. Bó bá jẹ́ pé hemoglobin nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni ì bá máa padà sí ìrísí rẹ̀. Àwọn kan kì í padà. Ní 1976, Samuel Lux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fọ hemoglobin kúrò nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ pátápátá, wọ́n tún yọ ọ̀rá awọ rẹ̀ kúrò. Àwọ̀n tó ṣẹ́kù ṣì tẹ̀ bíi dòjé. Hemoglobin ti lọ, àbùkù kò lọ.

Àwọn ìwádìí ọdún 1990 síwájú fi ìdí rẹ̀ hàn. Hemoglobin tó yí padà yìí, hemoglobin S, tètè ń bàjẹ́, ó sì ń tú àwọn èròjà ọ́síjìn oníjàǹbá sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń so apá méjì lára actin pọ̀ níbi tí kò yẹ kí wọ́n so pọ̀, oríkèé àwọ̀n á wá gan, spectrin kò sì ní lè tún ara rẹ̀ tò mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó le gbagidi báyìí ni ara máa ń tètè pa run; ara ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì SS fi ń kú láàárín ọjọ́ 10 sí 20. Ó yẹ kí a sọ ọ́ kedere pé iye irú sẹ́ẹ̀lì tí kò lè nà mọ́ yìí bá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tán lára aláìsàn mu ju bí ìrora ṣe ń kọlù ú lọ. Ìrora náà ní àwọn okùnfà mìíràn. Àìtó ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ọmọ tó ń dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ibà ló mú kí ẹ̀rí yìí lágbára jù. Plasmodium falciparum, kòkòrò ibà, ní actin àti myosin tirẹ̀. Myosin rẹ̀ ló fi ń fa ara rẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣòro rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá wọlé tán, torí ilé tó wọ̀ kò ní alábàárù. Ó nílò láti gbé purotéènì kan dé orí awọ sẹ́ẹ̀lì, èyí tó máa fi lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa gbé e lọ sínú ọlọ inú, níbi tí wọ́n ti máa pa á. Lílẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ yìí ló ń sọ ibà di ikú fún àwọn ọmọdé. Nítorí náà, kòkòrò náà ń jí actin lára àwọ̀n sẹ́ẹ̀lì, ó ń fi ṣe okùn gígùn tí ẹrù rẹ̀ ń gbà dé etí.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ láti Heidelberg ní Jámánì àti Burkina Faso wo sẹ́ẹ̀lì tó ní hemoglobin S tàbí C, èyí tó wà láàárín àwọn Yorùbá náà, lábẹ́ máíkírósíkópù alágbára. Okùn actin tí kòkòrò fẹ́ ṣe kò gùn, kò sì tò dáadáa. Ẹrù kò dé bó ṣe yẹ. Hemoglobin tó bàjẹ́ ló dí actin lọ́wọ́. Láti 1954 ni Anthony Allison ti fi hàn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pé AS, ìyẹn níní jíìnì S kan ṣoṣo, ń dáàbò boni lọ́wọ́ ibà, ọ̀nà tó sì ń gbà ṣe é ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n egungun sẹ́ẹ̀lì wà lára wọn. Ìbàjẹ́ tó jọra ló ń pa ọmọ SS lára, tó sì ń gba ọmọ AS là.

Àbùkù lè ti inú àwọ̀n náà fúnra rẹ̀ wá pẹ̀lú. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí àyípadà jíìnì spectrin tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa gùn bí ẹyin. Ó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn láyé lọ. Ọ̀pọ̀ tó ní i kì í mọ̀ ọ́n. Àwọn díẹ̀ ni ibà pọ́njú ń mú lẹ́yìn ìbí, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń tán. Láti GRA dé Ugbowo ní Benin City, ìwé jẹ́nótáìpù ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Ohun rere ni. Àmọ́ ìwé náà kò sọ nǹkan kan nípa spectrin, ọmọ AA, tí kò ní jíìnì S rárá, sì lè ní àìtó ẹ̀jẹ̀ tí ìwé kò lè ṣàlàyé.

Ẹnìkan lè sọ pé bí hemoglobin bá gún, egungun sẹ́ẹ̀lì yóò gún. Òtítọ́ ni, ibi tó sì ti hàn jù ni Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Benin ní Ugbowo, níbi tí Dókítà Nosakhare Bazuaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú eegun, níbi tí ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa, fún aláìsàn SS ní 2011. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì lè rí owó ìpààrọ̀ náà. Oògùn ni àwọn tó kù yóò máa lò.

Àwọn oògùn tí a ti wá nílé sì wà. Ní Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ Sofowora àti Isaacs kọ̀wé ní 1971 pé omi gbòǹgbò orin àtà ń dá sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ padà, ó sì ń tún awọ tó hun jọ ṣe. Ní 2006, wọ́n gbé oògùn Niprisan jáde láti NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ní Abuja, látinú iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà, ìmọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìdílé Yorùbá kan. Ní òkè òkun, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí glutamine ní 2017 fún àrùn yìí, oògùn tó ń dín ìbàjẹ́ ọ́síjìn inú sẹ́ẹ̀lì pupa kù. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ nínú yàrá ìwádìí wa ni bóyá ewé tàbí gbòǹgbò kan dá títẹ̀ dúró nínú ìgò. Kò tó. Kí àwọn yàrá ìwádìí Benin City, Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó máa wọn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń nà, àti ipò tí actin àti spectrin rẹ̀ wà, ṣáájú oògùn àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tó kéde pé oògùn náà ṣiṣẹ́.