A Ti Kọ Ọ́ Sára Síìdì, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Wà Níbẹ̀?

Àwọn oníṣòwò obì ní Ṣàgámù mọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń lo kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ẹni tó bá mọ òwò náà dáadáa kò jẹ́ kàn da obì sínú agbọ̀n, kí ó fi ewé bò ó, kí ó sì máa lọ sílé. Yóò kọ́kọ́ ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀, yóò yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí ó bá sì dì í tán, yóò tún máa padà wá tú agbọ̀n wò, nítorí obì tó dára lánàá lè bàjẹ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé kan ní Simawa, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ kan náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní ọdún 2004 ni ìyá àgbà ilé náà pé ọgọ́rin ọdún. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń ki àwọn ọmọ rẹ̀ ní oríkì, tí ó sì ń ròyìn bí àwọn baba wọn ṣe tẹ̀dó. Ọmọ kan tó ní kọ̀ǹpútà bá wọn bọ́ọ̀nù rẹ̀ sára síìdì mẹ́ta, ó pín in fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè wà fún nǹkan mìíràn. Ìyá ti lọ sílé. Lónìí wọ́n ki síìdì bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń yí, ó ń kùn, kò sì gbé ohùn kankan jáde. Àpẹẹrẹ ni mo fi èyí ṣe o, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun?

Ta ni ká dá lẹ́bi? Ṣé síìdì ni? Ṣé kọ̀ǹpútà ni? Àbí àwa fúnra wa? Kí á tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí ohùn gbà dé inú àwo.

Ní ọdún 1877 ni Thomas Edison ti Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ padà. Ní 1887 ni Emile Berliner gbé gíráámófóònù tirẹ̀ jáde, èyí tó ń lo àwo pẹlẹbẹ. Nígbà tó di 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London, ó sì kọ orin ẹ̀mí ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ẹ rò ó wò: kí ohùn ọmọ Ẹ̀gbá tó wọ inú àwo, ó ní láti la òkun kọjá.

Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń súnmọ́ ilé. Ní 1969, Haruna Ishola, baba alápàlà, àti I. K. Dairo, ọ̀gá nínú orin jùjú, jọ dá ilé-iṣẹ́ àwo orin STAR sílẹ̀, kí àwọn olórin lè jẹ èrè orin ara wọn. Ní 1979, Haruna Ishola gbé ilé-iṣẹ́ Phonodisk kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó kò jìnnà sí Rẹ́mọ rárá. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí òkè òkun tẹ́lẹ̀ ti dé ẹ̀yìnkùlé wa.

Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ohun kan. Ilé-iṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ń jẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ àwo orin, wọn a kọ́kọ́ tẹ díẹ̀ fún ìdánwò, ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n gbọ́ yóò jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n tó wá tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àyẹ̀wò wà nínú iṣẹ́ náà, owó oṣù sì ń bẹ fún ẹni tó ń ṣe é. Àwa tí a ra àwo kò mọ̀ pé ẹnìkan ti bá wa ṣà á bí ẹni ń ṣa obì.

Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Philips ló gbé e jáde ní 1963, òun ló sì kọ́kọ́ jẹ́ kí onílé lè gba ohùn sílẹ̀ láìsí wàhálà. Kásẹ́ẹ̀tì ní sùúrù. Bí ó bá já, ẹ ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá lọ́, ẹ ó fi bírò tàbí pẹ́ńsù yí i padà. Ó lè máa hó ṣììì, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì gbọ́ ohùn ìyá. Àṣà tí kásẹ́ẹ̀tì kọ́ wa nìyẹn: gbà á sílẹ̀, gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, jù ú sínú àpótí, ó parí.

Àṣà yẹn la gbé lọ bá síìdì, síìdì kò sì gba irú rẹ̀.

Síìdì jáde fún títà ní Japan ní oṣù kẹwàá ọdún 1982. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè ṣe é. Ní 1988 ni ilé-iṣẹ́ Taiyo Yuden ní Japan fi irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí hàn, nígbà tó sì di 1990, Philips àti Sony ti gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò, ìyẹn bọ́ọ̀nù, bá a mu gan-an ni, nítorí iná ló ń ṣiṣẹ́ náà lóòótọ́. Nínú ike síìdì náà, wọ́n fi àwọ̀ fẹ́lẹ́ kan sí i bí aró. Iná lésà á máa ta aró yìí ní tò-tò-tò, ojú tí iná bá ta yóò yàtọ̀ sí ojú tí iná kò ta. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni ẹ̀rọ ń kà padà. Gbogbo àmì náà to ara wọn ní ìlà kan ṣoṣo tó ń yí láti àárín síìdì lọ sí etí rẹ̀. Bí ẹ bá lè tú ìlà náà kí ẹ fà á gùn, ó ju kìlómítà márùn-ún lọ.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Nígbà tí iná lésà bá ti bẹ̀rẹ̀, síìdì ń yí, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà ní láti máa fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò kọ láìdáwọ́ dúró. Ẹ fi wé omi ẹ̀rọ inú ilé. Bí iná bá lọ tí pọ́ǹpù sì kú, omi á ṣì máa yọ ní ẹnu ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, nítorí táǹkì wà lókè. Ẹ̀rọ tó ń bọ́ọ̀nù náà ní irú táǹkì bẹ́ẹ̀, kékeré ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ tí táǹkì fi gbẹ, iná lésà á já láàárín ọ̀nà, síìdì á sì di ohun ìṣeré ọmọdé. Ní àwọn ọdún 1990, síìdì òfìfo kò tíì di ọjà pọ́ọ́kú, ẹni tí mẹ́ta bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan á káwọ́ lérí.

Àwọn tó ń lo Linux wà lára àwọn tó ja ìjà yìí jù lọ. Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí ó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Ní 1996 ni Jörg Schilling, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé cdrecord jáde, ètò tí wọ́n fi ń bọ́ọ̀nù síìdì. Kò lẹ́wà lójú o; ẹ ó tẹ àṣẹ gígùn sójú kọ̀ǹpútà ni. Nígbà kan, ó tiẹ̀ di dandan kí wọ́n fọgbọ́n mú Linux gbà pé ẹ̀rọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà jẹ́ irú ẹ̀rọ mìíràn, kí ó tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà 2.6 tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2003 ló gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n wàhálà náà kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Wọn kì í kó fáìlì káàkiri nígbà tí iná bá ń jó lọ́wọ́; wọn a kọ́kọ́ ṣe odindi àwòrán síìdì náà sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Cdrecord ní àyè ìdánwò pẹ̀lú: ẹ̀rọ á ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n iná lésà kò ní jó aró. Bí ìdánwò bá yege, wọn a wá ṣe èyí tó jẹ́ òótọ́. Àbí ẹ kò rí i? Àwo ìdánwò ti ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ló tún padà wá sínú yàrá ènìyàn kan.

Ní ọdún 2000, Sanyo gbé ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n pè ní BURN-Proof. Bí táǹkì bá fẹ́ gbẹ, ẹ̀rọ á dáwọ́ dúró, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni àìbìkítà ti wọlé. Ọgbọ́n yìí ń jẹ́ kí iṣẹ́ parí; kò sọ pé iṣẹ́ náà pé. Kò lè gbà yín bí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ tí kò sì sí bátìrì. Kò lè gbà yín lọ́wọ́ síìdì tí aró rẹ̀ kò dára.

Ní àkókò yẹn náà ni síìdì Linux ń rin ìrìn àjò dé Nàìjíríà. Fáìlì tó tó odindi síìdì, ìyẹn 700 mẹ́gábáìtì, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà sílẹ̀ ní káfẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan. Mark Shuttleworth ti South Africa dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004, ó sì fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sọ ọ́ lórúkọ. Láti 2005 títí di 2011, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń fi síìdì Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé fún ẹni tó bá béèrè. Nígbà tí síìdì bá dé ọwọ́ yín, bí ẹ bá fi tan kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí ìlà kan tó ń bi yín bóyá ẹ fẹ́ yẹ síìdì náà wò bóyá àléébù wà lára rẹ̀. Síìdì náà gbé àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ara rẹ̀ dání! Àmì kan wà fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà 32, tí ètò md5sum ń ṣírò. Bí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú fáìlì, àmì náà á yàtọ̀.

Ẹjọ́ wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí báyìí. Nígbà tí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ wa, a gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n a kò gba àyẹ̀wò mọ́ ọn. Ọmọ ilé Simawa yẹn, bí ó bá tiẹ̀ dán síìdì wò, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò gbọ́ ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, yóò sì ní, "Ó ti wọlé." Àárín ni síìdì ti ń bẹ̀rẹ̀, etí ló ti ń parí, etí náà ni àṣìṣe sì máa ń pọ̀ sí. Síìdì orin tún burú jù: bí ẹ̀rọ bá pàdé ibi tó bàjẹ́ díẹ̀, á méfò ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, á sì máa kọrin lọ. Etí yín kò ní mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ń bọ́ọ̀nù, yálà lórí Linux tàbí lórí òmíràn, kí ó ṣe bíi ti oníṣòwò obì. Kí ó yẹ fáìlì wò kí ó tó kọ ọ́. Kí ó má ṣe sáré. Kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ rọra kọ. Kí ó ka odindi rẹ̀ padà, kí ó fi àmì wé àmì, kí ó tó pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́. Kí ó má lẹ bébà mọ́ ọn, kí ó má sì fi bírò ha á lórí, nítorí abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni awọ tó ń dán wà. Kí ó gbé e kúrò nínú oòrùn, nítorí aró tí iná kọ, ooru lè bà á jẹ́. Kí ó sì ṣe ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n má jọ wà nínú ilé kan náà.

Ti àwọn síìdì àtijọ́ tó wà nínú àpótí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú tí wọ́n ń ki síìdì bọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni aró náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ṣì lè kà á, ẹ kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde ní kíákíá. Bí síìdì kan kò bá ṣí nínú ẹ̀rọ kan, ẹ má tíì sọ ọ́ nù; ẹ̀rọ mìíràn lè kà á. Nínú síìdì mẹ́ta tí wọ́n pín ní Simawa, ó lè jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n kejì ló ṣì ní ohùn ìyá nínú. Ẹ pè é lónìí, kí ó tú agbọ̀n náà wò.