Gbèsè Onílé àti Àlejò Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ìdíje gọ́ọ̀fù àwọn tí kì í fi eré náà jẹun dúró lórí àdéhùn onílé àti àlejò. Kílọ́ọ̀bù tó ni pápá ni onílé: òun ló ń gẹ koríko, òun ló ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò parí ẹjọ́, òun ló sì ń fi ife-ẹ̀yẹ sílẹ̀. Agbágọ́ọ̀fù tó ti ẹgbẹ́ mìíràn wá ni àlejò. Ó ń san owó ìforúkọsílẹ̀, ó sì ń ka iye ìgbà tó fi igi gbá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, torí kò sí rẹfirí tó ń fọn fèrè tẹ̀ lé e kiri.

Ìlú Leith, lẹ́bàá Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, ni àdéhùn yìí ti kọ́kọ́ di ohun àkọsílẹ̀. Ní 1744, ìgbìmọ̀ ìlú Edinburgh gbé igi gọ́ọ̀fù onífàdákà kan kalẹ̀ fún ìdíje ọdọọdún. Agbágọ́ọ̀fù láti ibikíbi ní Britain tàbí Ireland lè wá, bó bá ti kọ orúkọ sílẹ̀ tó sì san ṣílè márùn-ún. Ẹni tó bá borí ni balógun gọ́ọ̀fù títí ọdún yóò fi yí po, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni wọn yóò kó awuyewuye eré náà lọ. John Rattray, dókítà oníṣẹ́-abẹ, ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Òfin 13 ni wọ́n kọ fún ìdíje náà, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ló sì ṣàlàyé àdéhùn onílé àti àlejò jù. Pápá Leith kì í ṣe ti agbágọ́ọ̀fù nìkan. Àwọn ọmọ iléèwé ń lò ó, àwọn ológun náà ń lò ó, wọ́n sì wa kòtò àti yàrà síbẹ̀ kí ilẹ̀ náà má baà bàjẹ́. Òfin ní bí bọ́ọ̀lù bá já sínú irú yàrà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú un jáde, kí ẹni tó ni ín sì máa gbá a lọ láìjìyà. Onílé ló wa yàrà láti fi tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀, kò sì tọ́ kí àlejò forí fá a. Àmọ́ òfin mìíràn ní bí bọ́ọ̀lù bá lu ènìyàn, ẹṣin tàbí ajá, ibi tó bá dúró sí ni wọn yóò ti gbá a. Àlejò ló ni ìnira tìyẹn.

Gbèsè tó wà lọ́rùn àlejò kò hàn lára ẹnikẹ́ni bíi Bobby Jones, ọmọ Amẹ́ríkà tí kò gba owó eré rí ní gbogbo ìgbà tó fi ń díje. Níbi ìdíje Open ní St Andrews, ní ilẹ̀ Scotland, ní 1921, bọ́ọ̀lù há sínú kòtò iyanrìn mọ́ ọn lọ́wọ́, inú bí i, ó sì pa ìdíje tì láàárín ọ̀nà. Ìwà àìbọ̀wọ̀-fónílé gbáà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ san gbèsè ọ̀hún. Níbi ìdíje U.S. Open ti 1925, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ nínú koríko kó tó gbá a. Òun nìkan ló rí i. Ó ní kí wọ́n fi ẹyọ kan kún iye tòun, ẹyọ kan yẹn ló sì jẹ́ kí òun àti Willie Macfarlane ta ọ̀mì, tó fi wá pàdánù nínú àtúngbá. Ó padà sí St Andrews ní 1927, ó gba ife, ó sì ní kí ife náà máa gbé lọ́dọ̀ àwọn onílé. Ní 1958, ìlú St Andrews sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀.

Ní Èkó, àwọn Òyìnbó ló gbé eré náà dé, ẹnu-ọ̀nà sì ni gbèsè onílé ti kọ́kọ́ wúwo. European Club ni orúkọ tí kílọ́ọ̀bù Ìkòyí ń jẹ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1938, orúkọ yẹn nìkan ti tó láti fi mọ ẹni tí wọ́n ń retí. Ọmọ ilẹ̀ yìí tó bá dé orí pápá láyé ìgbà náà, àpò igi Òyìnbó ló sábà máa ń gbé kọ́ èjìká. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò mọ sí kílọ́ọ̀bù nìkan: ní 1947, Bristol Hotel ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone. Ariwo tó ta débi pé Gómìnà Arthur Richards fi ìwé àṣẹ tako fífi àwọ̀ ara ya ènìyàn sọ́tọ̀.

Ibòmíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Durban ní 1963, Papwa Sewgolum, ọmọ Íńdíà ilẹ̀ South Africa tó ti ìdí gbígbé àpò igi dìde, gba ife Natal Open. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò jẹ́ kó wọ inú ilé kílọ́ọ̀bù tó gbà á lálejò, ìta ni wọ́n ti gbé ife fún un, nínú òjò. Ó ti san gbogbo ohun tó jẹ onílé; onílé ò san tirẹ̀. Ní 2016, ẹgbẹ́ Muirfield ní Scotland dìbò, ìbò tí wọ́n fẹ́ fi gba obìnrin wọlé kò sì pé. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni R&A tó ń ṣètò ìdíje Open ní òun kò ní gbé e wá síbẹ̀ mọ́. Ọdún kejì ni wọ́n tún ìbò dì, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn.

Ní ti ìtọ́jú pápá, Ìkòyí ní ìtàn tó wu ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iyanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni wọ́n tẹ́ yí ihò ká dípò koríko, àwọn agbágọ́ọ̀fù sì ń pè é ní brown. Ẹsẹ̀ ènìyàn máa ń hàn lórí rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti máa tún un gbá kó lè tẹ́jú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun wá gbá Nigerian Open lórí rẹ̀: Sandy Lyle fi 124 parí ihò 36 ní 1978, Peter Tupling sì fi 255 parí ihò 72 ní 1981, iye tí ayé ń kà sí àràmàǹdà nígbà náà. Ọwọ́ àwọn tó ń gbá iyanrìn náà wà nínú rẹ̀.

Lónìí, ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò ní Èkó tó bá fẹ́ díje lè gba pápá GRA Ìkẹjà lọ, kò sì jìnnà. Ohun tí onílé yóò kọ́kọ́ bi í ni háńdíkàpù rẹ̀, ìyẹn iye tí wọ́n ń yọ fún un kí òun àti ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù lè jọ díje. Láti 2020 ni ìlànà kan ṣoṣo ti wà fún èyí káàkiri ayé, àmọ́ ìṣirò yòówù kò wúlò bí agbágọ́ọ̀fù bá fi àbájáde tó dára pamọ́ kí háńdíkàpù rẹ̀ lè ga. Olè ni, àwọn tó ń gbá a pẹ̀lú rẹ̀ ló sì ń jà lólè.

Onílé náà ní òfin tó dè é lórí ẹ̀bùn. Láti oṣù kìíní 2022, ẹ̀bùn tí ẹni tí kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun lè gbà kò gbọ́dọ̀ ju £700 tàbí $1,000 lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ìdíje oníháńdíkàpù, owó kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá a fún ìfẹ́ eré, bí kò tilẹ̀ mọ̀, ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìgbìmọ̀ kílọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Òdiwọ̀n náà kò de ẹni tó bá fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò láàárín eré. Òun lè wa mọ́tò tí wọ́n gbé síbẹ̀ lọ sílé.