Yíyọ́ Kọ́ Ni Gbogbo Ọ̀rọ̀

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ohun tí kò bá yọ́ nínú iná ti borí iná nìyẹn. Ìtàn àwọn séráámíìkì tí wọ́n ṣe fún ooru tó ga jù lọ sọ nǹkan mìíràn: afẹ́fẹ́ tó yí iná ká ló ń dájọ́.

Ní àwọn ọdún 1960, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà náwó sórí ìwádìí zirconium diboride àti hafnium diboride. Wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n lè fi ṣe imú ṣóńṣó fún ọkọ̀ tó ń sáré ju ohùn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn méjèèjì kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 3,200°C.

Ṣùgbọ́n ọ́síjìn kì í dúró de ìgbà tí nǹkan bá yọ́. Tó bá kan zirconium diboride, boron inú rẹ̀ á di ohun ṣíṣàn tó bo ojú rẹ̀ bí òróró, tó sì dínà mọ́ ọ́síjìn. Nígbà tí ooru bá kọjá nǹkan bí 1,200°C, òróró yìí á fò lọ, á ku èérún tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi po silicon carbide mọ́ ọn, kí dígí lè bò ó dé nǹkan bí 1,600°C.

Dígí náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Níbi tí ọ́síjìn ti ṣọ̀wọ́n, bíi lókè réré, silicon carbide tó gbóná gan-an kì í di dígí mọ́. Gáàsì ló ń dà, tó sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Níbi tí omi tó ti di gáàsì bá pọ̀, omi náà á máa jẹ dígí ọ̀hún díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1997, NASA fi hafnium diboride ṣe imú SHARP-B1, wọ́n sì jù ú sókè. Ní ọdún 2000, SHARP-B2 tẹ̀ lé e. Àwọn ègé rẹ̀ tí wọ́n rí gbà padà ti sán. Àbùkù wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe ohun èlò náà, ni NASA bá mú iṣẹ́ ọ̀hún wá sínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kàn wá. Gáàsì ló ń yí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá ní Nàìjíríà àti Ghana, bí gáàsì bá sì ti ń jó, omi ń jáde nínú rẹ̀. Séráámíìkì tí a dán wò nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ní yàrá ìwádìí kò tíì jẹ́rìí fún irú ibẹ̀ yẹn. Kí àwọn ọ̀gá yunifásítì àti àwọn tó ń ra ohun èlò fún wa tó bi olùtajà pé, "Ooru mélòó ló lè gbà?", ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé, "Nínú afẹ́fẹ́ wo?"