Ọwọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí fi ń kọ́ iṣẹ́

Agbẹ̀bí tí à ń pè ní sage-femme máa ń lo ọdún 3 nílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tó bá ti gba bac. Ní Bẹ̀nẹ̀, INMeS ní Kútọnu àti IFSIO ní Parakú wà lára ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń kọ́ wọn. Àjọ àwọn agbẹ̀bí lágbàáyé, ICM, ní ó kéré tán, ìdajì ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ṣíṣe, kì í ṣe ìwé kíkà. Èyí ló fà á tí ẹ fi ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ò mọ̀ rí ní maternité Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Pọbẹ̀. Stage ni wọ́n wá ṣe.

Ibo ló ti wá ń kù díẹ̀ káàtó? Wíwò yàtọ̀ sí ṣíṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 8 bá yí aboyún kan ká, ẹnì kan ló máa gba ọmọ, àwọn yòókù á kàn na ọrùn. Òmíràn á fi odindi oṣù kan gbálẹ̀, á máa kọ orúkọ sínú ìwé ńlá, wọ́n á sì fọwọ́ sí carnet rẹ̀ pé ó ti gbẹ̀bí. Tó bá gba dípílómà tán, wọ́n lè gbé e lọ sí abúlé tó ti máa dá wà lóru, láìsí dókítà nítòsí. Ibẹ̀ ni ìyàwó yín tàbí ọmọ yín máa bá a tó bá ń rọbí.

Kò yẹ kó jẹ́ ara aboyún ni ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ kàn. Ọmọláńgidi ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà wọ́n lóòótọ́, àmọ́ aṣọ àti òwú tí aránṣọ rán dáadáa tó láti fi kọ́ bí orí ọmọ ṣe ń yí jáde. Kó ṣe é nígbà 20. Torí pé bí wọ́n bá nu ọmọ gbẹ, tí wọ́n fi aṣọ ra á lẹ́yìn, tí kò sì mí, kó tó pé ìṣẹ́jú 1 tí wọ́n bí i ni kí agbẹ̀bí ti máa fi ballon fún un ní afẹ́fẹ́. Ta ló fẹ́ ṣí ìwé nígbà yẹn?

Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Lẹ́yìn ìbímọ, tó bá ti tó ìdajì lítà, ewu ti dé. Ojú kì í sì í mọ̀ ọ́n wọ̀n, torí aṣọ ti fa púpọ̀ mu. Lọ́dún 2023, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé níbi tí wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì òṣùwọ̀n sábẹ́ obìnrin, tí wọ́n sì kọ́ àwọn agbẹ̀bí láti ṣe gbogbo ìtọ́jú náà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tó burú gan-an fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi owó táṣẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ èyí: kí olùkọ́ wọn omi bissap, kó dà á sórí àkísà, kó ní kí wọ́n sọ iye tó jẹ́. Ẹnu á yà wọ́n.

Àgbà agbẹ̀bí tó ń tọ́ wọn sọ́nà, encadreur, ni iṣẹ́ pọ̀ sí lọ́rùn jù. Àwọn aboyún ń dúró dè é, kò sì sẹ́ni tó dín iṣẹ́ rẹ̀ kù nítorí akẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ máa wá wo ohun tó ń lọ, kí wọ́n sì kọ́ òun náà ní bí a ṣe ń kọ́ èèyàn. Àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ (ẹ má bínú pé a fi tiwa kún un), ẹ̀yìn kíláàsì la máa ń jókòó sí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ń kọ́ àwọn ọmọ. Tí wọ́n bá lọ tán la tó ń sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí tí wọ́n bú níwájú aboyún, lọ́jọ́ mìíràn á fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, àṣìṣe yẹn sì lè pa èèyàn.

Ọwọ́ ẹ̀yin ará abúlé náà wà níbẹ̀. Obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ta ni akẹ́kọ̀ọ́ nínú wọn, ó sì lè kọ̀. Àmọ́ tí àgbà bá dúró tì í, àwa á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ wá yàrá fún un nítòsí maternité, ọmọ kì í wo aago kó tó dé. Tó bá jẹ́ Fọ̀n tàbí Bàrùbá ni, kí àwọn ìyá kọ́ ọ lédè wa lọ́jọ́ tó bá dé: ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ mí dáadáa, ẹ tì í, ẹ dúró ná, ibo ló ń dùn yín?