Ìpalẹ̀mọ́: Ìtàn Ọ̀ṣọ́ Ilé Tí Ọ̀rọ̀ Kan Pa Mọ́ fún Wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ àti ẹ̀yin òǹkàwé gbogbo, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, ìkíni tó máa ń wà lẹ́nu wa nìyẹn. A máa ń sọ ọ́ láì ronú sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ lónìí, nítorí ìtàn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí.

Nǹkan méjì ni mo máa ń gbọ́ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì máa ń dùn mí. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ìyá ńlá wa kò mọ ọ̀ṣọ́ ilé, pé òyìnbó ló kó o dé. Èkejì ni pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kò lè ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọdún. Ọ̀rọ̀ náà, ìpalẹ̀mọ́, ta ko méjèèjì.

Ẹ rántí kíláàsì wa. Ẹ yọ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, ó ku palẹ̀mọ́. Ẹ dá fáwẹ̀lì tí ìpajẹ mú lọ padà, ó di pa ilẹ̀ mọ́. Kí ni "pa" yìí? Kì í ṣe èyí tó wà nínú "pa ẹran". Lójú tèmi, èyí tó wà nínú "ìpara" ni, bí a ṣe ń fi òrí pa ara: kí a fi ọwọ́ ra nǹkan sí ojú nǹkan mìíràn. Pa ilẹ̀ mọ́, ìyẹn ni pé kí a fi nǹkan pa ojú ilẹ̀ títí á fi mọ́. Ìyẹn ni pé nígbà tí Yorùbá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe gbogbo ètò tó ṣáájú ọdún, oúnjẹ, aṣọ, àlejò, owó, kò lọ síbi oúnjẹ tàbí aṣọ. Orí ilẹ̀ ilé ló lọ.

Ẹ má sì rò pé àsọdùn ni. Kí sìmẹ́ǹtì tó dé, amọ̀ ni ilẹ̀, amọ̀ ni ògiri. Òjò á ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri láàárín ọdún, ilẹ̀ á ti sán, eruku á ti gba ibẹ̀ kan. Ilé amọ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ láì tọ́jú. Abájọ tí a fi ń sọ pé a ń "tún ilé ṣe" nígbà tí a bá ń gbálẹ̀, tí a sì ń sọ ohun kan náà nígbà tí a bá ń mọ ògiri tó wó. Ṣé ẹ rí i? Nínú èdè wa, ìtọ́jú àti àtúnkọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a sì ń lò fún ọdún tí a ń kà àti ọdún tí a ń ṣe. Bí ọdún bá yípo, ilé náà ní láti di tuntun.

Ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà? Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló sì ṣètò rẹ̀ fún títẹ̀, ó sì jáde ní 1921. Níbi tó ti ń ṣàpèjúwe ilé wa, ó sọ pé àwọn obìnrin ló máa ń rẹ́ ògiri, tí wọ́n sì máa ń fi ilẹ̀ dúdú, nígbà mìíràn ilẹ̀ pupa, kùn ún títí á fi dán. Ọkùnrin á mọ ilé, obìnrin á sọ ọ́ di ibi tó ṣeé wò.

Èmi náà bá wọn ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ilé wa tó di ti sìmẹ́ǹtì, bí Kérésì bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi àgbà á rán àwa ọmọbìnrin lọ síbi tí àwọn Fúlàní ń da ẹran sí, pé ká lọ kó ìgbẹ́ màlúù wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Wọn á fi omi pò ó, wọn á da èédú tí a ti gún kúnná sí i. Bí ó bá gbẹ tán, òórùn rẹ̀ á lọ, ilẹ̀ á dúdú, á máa dán, eruku kò sì ní sọ mọ́. Láti kọ̀rọ̀ tó jìnnà jù ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí a ó máa fà sẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí a má baà tẹ ohun tí a ti pa.

Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó kan ilẹ̀, iṣẹ́ kan wà tó ṣáájú. Gbogbo ẹrù á jáde sí gbangba: ìkòkò, ẹní, àpótí, igbá, agbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ palẹ̀ kò lè pa á yí ẹrù ká. Bí ẹrù bá sì ti jáde, ojú oòrùn á fi ohun tí òkùnkùn yàrá ti ń bò hàn. Ìkòkò tó ti là á di ohun tí adìẹ ń mu omi nínú rẹ̀, igbá tó sán á di èyí tí wọn yóò ràn, ẹní tó ti jẹ á di ti ààtàn, aṣọ tí ọmọ ti dàgbà jù á di ti ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ohun tó bá padà wọlé nìkan ni ilé nílò. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sanwó kọ́ lónìí nípa bí a ṣe ń to ilé, ìgbẹ́ màlúù ló fi tipátipá kọ́ wa.

Ẹ tún wo ibi tí ẹrù ń padà sí. Igbá ìyàwó á wà nínú àwọ̀n, wọn á fi kọ́ ara ògiri. Nígbà tí tánganran dé láti òkè òkun, òun náà gba ipò igbá, àwo lórí àwo, abọ́ lórí abọ́, tí ẹni tó bá wọ yàrá ìyá onílé á rí i kó tó rí ìyá onílé fúnra rẹ̀. Ohun èlò ni, ohun ìní ni, òun náà sì ni ọ̀ṣọ́. Kò sí ohun tí wọ́n rà fún wíwò lásán.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn pé àwọn ìyá wa kò mọ ọ̀ṣọ́, kó lọ bi Ilé-Ifẹ̀ léèrè. Àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣàkirè níbẹ̀ máa ń tún un kùn lọ́dọọdún fún ọdún òrìṣà náà. Àwòrán tuntun á bo ti èṣí mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ wọn wà lára ohun tó ru àwọn oníṣẹ́ ọnà Yunifásítì Ifẹ̀ sókè, tí Moyo Okediji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní 1989. Bolaji Campbell tó wà nínú ẹgbẹ́ náà kọ odindi ìwé, Painting for the Gods, lórí irú àwòrán ògiri bẹ́ẹ̀, ó jáde ní 2008. Àwọ̀ mẹ́ta ni èdè wa kọ́kọ́ fún ní orúkọ tirẹ̀: funfun, pupa, dúdú. Èyí tó kù, a máa ń fi wé nǹkan ni, bíi àwọ̀ ewé àti àwọ̀ eérú. Ẹ wò ó, ẹfun, ilẹ̀ pupa àti èédú wà lẹ́yìnkùlé gbogbo ènìyàn. Kò sí èyí tí a ń rà níbẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò òkè òkun.

Kí wá ni Kérésìmesì bá nílẹ̀? Ní Àgbádárìgì, ní oṣù Kejìlá 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ CMS jọ ṣe ọdún Kérésìmesì pọ̀. Ẹ má ronú pé igi Kérésìmesì wà nínú ẹrù wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ nígbà náà, àṣà náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Láti Jámánì ló ti wá, àwòrán Ọbabìnrin Victoria àti ìdílé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, tó jáde nínú Illustrated London News ní 1848, wà lára ohun tó jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kì í ṣe ẹ̀sìn ló ya ọ̀ṣọ́ wa kúrò lára ìpalẹ̀mọ́. Ìgbàgbọ́ dé, ìpalẹ̀mọ́ ń bá a lọ. Àwọn Mùsùlùmí náà kò yọ sílẹ̀. Iléyá, ilé ti yá: ọdún tí orúkọ rẹ̀ ń pe ènìyàn padà wálé, ṣé a ó jẹ́ kó bá ilé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni?

Ọ̀pẹ ló fi èyí hàn jù. Mọ̀rìwò ti jẹ́ aṣọ Ògún àti àmì ẹnu ọ̀nà igbó òrìṣà tipẹ́. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì dé, imọ̀ ọ̀pẹ náà ni wọ́n gé wá sí ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bí òṣùmàrè sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn lọ́jọ́ Kérésì. Èyí tó wù mí jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Ìyá mi àgbà kò ní jẹ́ kí wọ́n da imọ̀ náà nù. Á jókòó tì í, á máa fi ọ̀bẹ lá ewé rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí á fi ku egungun àárín rẹ̀. Á dì wọ́n pọ̀, ó di ìgbálẹ̀. Ewé tó ṣẹ́kù á di ohun tí a fi ń dáná. Ọ̀ṣọ́ ọdún yìí ló ń gbá ilẹ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Ibo wá ni nǹkan ti yí padà? Ẹ wo ọ̀rọ̀ àyálò. A ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo agbo ilé ti ń gbàlejò. Lẹ́yìn náà ni pálọ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ohùn Yorùbá pè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa, pálọ̀ jẹ́ ti onípálọ̀. Páànù bo orule, sìmẹ́ǹtì bo ilẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, sìmẹ́ǹtì kò tún jìnnà mọ́. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kò nílò kí ẹnikẹ́ni pa á lọ́dọọdún. Ìsinmi ńlá ni fún àwọn obìnrin, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a kò palẹ̀ mọ́, ọjọ́ náà ni kò sí ohun tó ń lé ẹrù jáde mọ́.

A kò kúkú gbàgbé ọgbọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú pálọ̀ àwọn òbí wa, kàlẹ́ńdà ni ọ̀ṣọ́, ọ̀fẹ́ sì ni, tọdún yìí lórí tèṣí. Fọ́tò á wà lókè pátápátá, á tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni ń kí àlejò. Àwa ọmọdé á gé pépà aláràbarà, a ó fi sítáàṣì tí a sè lẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀wọ̀n, a ó fà á láti igun dé igun. Bí ọdún bá tán, ó tán náà nìyẹn.

Ọ̀ṣọ́ tòní kì í tán. Igi oníke, òdòdó oníke, iná tó ń ṣẹ́jú, èyí tí a rà ní Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, gbogbo rẹ̀ ń wá àpótí, àpótí ń wá abẹ́ ibùsùn, abẹ́ ibùsùn kún. Ọjọ́ méjìlá la fi ń wò ó, oṣù mọ́kànlá ó lé la fi ń gbé e pamọ́. Ẹ ò wa rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ àti ọ̀rọ̀ ilé tó kún fún ẹrù, ọ̀rọ̀ kan náà ni? Ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì ń bọ́, bíi tèmi, tètè mọ̀ ọ́n.

Mi ò sọ pé ká padà sí ìgbẹ́ màlúù. Ẹ rántí owó, ọwọ́, ọwọ̀ àti ọ̀wọ̀ tí mo fi ń kọ́ yín ní ohùn. Ọ̀ṣọ́ àtijọ́ kò gba owó, ṣùgbọ́n ó gba ọwọ́, ọwọ́ obìnrin sì ni. Bí a bá ń yin àwọn àgbà pé wọ́n mọ ìṣúnná, ká má gbàgbé ẹ̀yìn tó ń ro ìyá lálẹ́ ọjọ́ tó palẹ̀. Ohun tí mo rí gbà nínú ìtàn yìí kò ju ètò rẹ̀ lọ: ẹrù á kọ́kọ́ jáde, ilẹ̀ á mọ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀ṣọ́, kí ọ̀ṣọ́ náà sì jẹ́ ohun tó ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe lẹ́yìn ọdún. Kí ọkùnrin ilé náà sì bá wọn gbé àpótí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Àwọn tó kun ògiri, tó sì palẹ̀ rí, ń dín kù. Bí ẹ bá délé lọ́dún yìí, ẹ jókòó ti èyí tó bá kù nínú wọn. Ẹ bèèrè ewé tí wọ́n fún sí amọ̀, orúkọ tí wọ́n pe àrà tí wọ́n fi ìka fà sára ògiri, àti ọjọ́ tí wọ́n palẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa, ẹ mọ̀ pé mo máa wò ó.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àṣèyíṣàmọ́dún o.