Ẹ̀kọ́ Girama Nínú Ilé ní Ewékorò àti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹ̀kọ́ girama nínú ilé ni ètò tí òbí, alágbàtọ́ tàbí tíṣà tí wọ́n gbà sílé fi ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ilé-ìwé girama, láìjẹ́ pé ọmọ náà ń lọ jókòó sí kíláàsì lójoojúmọ́. Ó yàtọ̀ sí lẹ́sìnnì, tí ọmọ ilé-ìwé ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíṣà kan náà lè máa ṣe méjèèjì. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Ìtòrí jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, òbí lè yan àkókò àti ọ̀nà tó wù ú láti fi kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n àjọ ìta ló ń ṣe ìdánwò tí ọmọ yóò fi gba ìwé ẹ̀rí. Ìdí nìyí tí ètò ọ̀sẹ̀ àti iṣẹ́ àṣetiléwá fi jẹ́ òpó ẹ̀kọ́ náà.

Ìtàn

Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá, wà lára àwọn ìlú tí ẹ̀kọ́ ìwé ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, lẹ́yìn tí àwọn míṣọ́nárì Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther dé ibẹ̀ ní 1846. Abẹ́òkúta Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1908, Baptist Boys' High School sì tẹ̀lé e ní 1923. Àyè kò tó, owó ilé-ìwé sì wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé tàbí tíṣà yíjú sí ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ láti Ìlú Ọba. Ìwé ẹ̀kọ́ á wá nínú ọkọ̀ ojú omi, akẹ́kọ̀ọ́ á dáhùn ìbéèrè, á fi ránṣẹ́ padà, olùkọ́ tí kò rí sójú rí á sì máàkì í. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó lo ìgbà díẹ̀ ní Baptist Boys' High School, gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1944 láì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Lọ́ńdọ́ọ̀nù. 

Ní oṣù kẹta 2020, àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa, ilé gbogbo sì di kíláàsì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ẹ̀kọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n OGTV. Àwọn ọmọ SS3, ìyẹn kíláàsì tó kẹ́yìn ní girama, padà wọlé ní oṣù kẹjọ nítorí ìdánwò WAEC. Àwọn yòókù wọlé ní oṣù kẹsàn-án.

Òfin

Ní Nàìjíríà, Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn (UBE) ti 2004 pa á láṣẹ fún òbí pé kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, kó sì parí wọn: ọdún mẹ́fà àti ọdún mẹ́ta. Girama àgbà, ìyẹn SS1 sí SS3, kò sí lára ọdún tí òfin yìí sọ di dandan. Lókè òkun, ọ̀rọ̀ náà kò rí bákan náà. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1996 fàyè gba òbí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ọmọ nílé. Gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà náà gbà á láyè. Jámánì kò gbà á láyè.

Ètò ọ̀sẹ̀

Ibi tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀ ni skíímù tí wọ́n yọ láti inú kàríkúlọ́ọ̀mù NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀kọ́, tó pín iṣẹ́ sáà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú sílébọ́ọ̀sì WAEC. Ètò tó bá ọmọ SS2 mu ni kó máa ṣe ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ ní àárọ̀, nígbà tí ọpọlọ ṣì jí pépé. Físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì lè gba ẹ̀ẹ̀mejì mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà á fi lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ìjọba rọ́pò wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni ti àtúnyẹ̀wò: ìdánwò kékeré lórí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, láì ṣí ìwé. Ìdílé tó ń tajà lè yẹ wákàtí kúrò ní ọjọ́ ọjà, kí wọ́n sì dá a padà ní ọjọ́ mìíràn. Ohun tó léwu ni wákàtí tí kò ní ibi tí wọ́n dá a padà sí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé náà ni kíláàsì, iṣẹ́ àṣetiléwá níbí ni iṣẹ́ tí ọmọ dá ṣe láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un tí ẹnikẹ́ni kò máàkì kò lè sọ ibi tí ọmọ kù sí. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á dá ìwé padà kí ẹ̀kọ́ tó kàn tó bẹ̀rẹ̀, á ní kí ọmọ tún èyí tó kùnà ṣe, á sì kọ ọjọ́ sí i. Òbí tí kò mọ ìṣirò SS2 lè gba tíṣà kan tí yóò máa wá máàkì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Àyíká Ewékorò fúnra rẹ̀ kún fún iṣẹ́. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ ìlú náà sọ ìpele òkúta ọ̀hún. Ìkarahun ẹ̀dá inú òkun ìgbà láéláé ṣì wà nínú rẹ̀. Ọmọ lè kán fínígà sí ègé kan: ìhó tó yọ ni káábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, gáàsì kan náà tó ń jáde nígbà tí iná bá sun òkúta náà di sìmẹ́ńtì. Fún iṣẹ́ Yorùbá, ó lè bi bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà léèrè ìtàn Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, kó sì fi kọ àròkọ.

Ìdánwò

Ọmọ tí kò forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé kankan lè ṣe ìdánwò WAEC ti aládàáni, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní GCE. NECO náà ní tirẹ̀. Nínú kẹ́mísírì, àjọ WAEC kì í mú aládàáni lọ sí lábù: ìwé ìbéèrè kan ló ń rọ́pò iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò sì dáhùn lórí ìwé bí ẹni tó ti ṣe é rí. Ẹni tí kò fojú rí bùrẹ́ẹ̀tì rí yóò jìyà níbẹ̀, nítorí náà ó dára kí òbí bẹ ilé-ìwé kan fún ọjọ́ díẹ̀ ní lábù wọn. Fún ìdánwò JAMB, tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ìbéèrè 180 ló wà fún wákàtí méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí kọ̀ǹpútà. Láti SS2 ló ti yẹ kí aago wà lórí tábìlì nígbà tí ọmọ bá ń ṣe ìbéèrè ọdún tó ti kọjá.

Ìṣòro

Iná mànàmáná tí kò dúró, owó dátà àti àìsí ẹgbẹ́ tí ọmọ yóò bá jiyàn wà lára ohun tó ń dí ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́. Ìwé títẹ̀ àti iṣẹ́ ọ̀sán ń dín ti iná kù. Ti ẹgbẹ́ ni ìdílé méjì tàbí mẹ́ta lè fi ẹ̀kọ́ àjọṣe Sátidé tún ṣe, kí àwọn ọmọ máa máàkì iṣẹ́ ara wọn lójú àgbàlagbà.