Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà
Òfin yìí, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ni ó gbé àjọ NDPC (Nigeria Data Protection Commission) kalẹ̀ láti máa ṣọ́ àkọsílẹ̀ nípa ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́: ẹni tí àkọsílẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe báńkì tàbí ìjọba, ni òfin di ẹrù ààbò rù, bí olè bá sì jà á lọ́nà tí ó lè pa aráàlú lára, wákàtí 72 péré ni ó ní láti fi tó àjọ náà létí. Fún Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú ọba Ògìyán, tí ọmọ rẹ̀ kún Abidjan ní Côte d'Ivoire, abala òfin náà tí ó wúwo jù, lójú tiwa, ni èyí tí kò jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ẹni rékọjá odi Nàìjíríà àfi lórí ìdí tí òfin là sílẹ̀.